Èèyàn yín ti kúrò ní ọsibítù ọpọlọ: ohun tí ẹ máa ṣe ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́

Ìbéèrè tí àwọn ará ilé ń béèrè jù lọ nìyí: “Ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ti ń kí èèyàn. Ṣé kò lè fi oògùn náà sílẹ̀ báyìí?” Rárá o. Ìbàlẹ̀ ara tí ẹ ń rí yẹn, iṣẹ́ oògùn ni. Oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé ìgbà tí wọ́n dá aláìsàn sílẹ̀ ló sì gbẹgẹ́ jù. Ìgbà yẹn ni oògùn ń tán nílé tí ẹnikẹ́ni kò fura, ìgbà yẹn ni àwọn ọ̀rẹ́ igbó ń padà wá kan ilẹ̀kùn, ìgbà yẹn náà ni ẹnu ará ilé ń pọ̀.

Ìyá, bàbá, ọkọ, ìyàwó, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò la kọ èyí fún, àwọn tí wọ́n gba èèyàn wọn sí ọsibítù torí pé ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́, tàbí ó ní wọ́n fẹ́ pa òun, tàbí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lórí kò nídìí, tàbí kò sùn fún ọjọ́ mélòó kan, tó ń ná owó tí kò ní. Yálà Àró l'Abẹ́òkúta lẹ ti ń bọ̀, tàbí Yábàá, tàbí UCH n'Ìbàdàn, tàbí Jacquot ní Kútọnu, iṣẹ́ tó ń dúró dè yín nílé kò yàtọ̀.

## Kí ẹ tó jáde ní géètì ọsibítù

Ẹ má jẹ́ kí ayọ̀ ìlọsílé mú yín kánjú. Ẹ jókòó ti dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, kí aláìsàn fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, kí bírò àti ìwé wà lọ́wọ́ yín. Òfin ìlera ọpọlọ Nàìjíríà tí Buhari, ààrẹ ìgbà náà, fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2023 fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti kópa nínú ètò ìtọ́jú ara rẹ̀, torí náà kì í ṣe ojúure ni wọ́n ń ṣe fún un tí wọ́n bá dá a lóhùn.

1. Ẹ bèèrè orúkọ àìsàn náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. “Ọpọlọ rẹ̀ ló dàrú díẹ̀” kò tó. Schizophrenia (èyí tí èèyàn ń gbọ́ ohùn, tó sì ń gba ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́), bipolar (èyí tí inú èèyàn ń ga kọjá ààlà, tó tún ń sorí kọ́ nígbà míì), ìsoríkọ́ tó le débi pé èèyàn ń gbọ́ ohùn, àti èyí tí igbó dá sílẹ̀, ìtọ́jú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni iye ọdún tí èèyàn máa fi lo oògùn kò dọ́gba.
2. Ẹ kọ orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n rẹ̀ ní mílígíráàmù, àti àkókò tí yóò máa lò ó. Ẹni tó ń pè é ní “funfun kékeré ti alẹ́” máa rà á ṣì lọ́jọ́ tí kẹ́míìsì bá gbé ti ilé iṣẹ́ mìíràn jáde, torí àwọ̀ àti ìrísí rẹ̀ lè yàtọ̀.
3. Ẹ gba oògùn tó máa kọjá ọjọ́ tí wọ́n ní kí ẹ padà wá. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gba ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyanṣẹ́lódì, òjò, àìsówó ọkọ̀: ọ̀kan nínú wọn kò ní ṣàì ṣẹlẹ̀.
4. Ẹ ní kí ìpàdé àkọ́kọ́ má jìnnà. Ní England, ìlànà NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, ni pé kí wọ́n kàn sí ẹni tó kúrò ní wọ́ọ̀dù ọpọlọ kí 72 wákàtí tó pé. Tí ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ bèèrè nọ́ńbà nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ aláàánú ọsibítù tí ẹ lè pè ní ọ̀sẹ̀ kìíní.
5. Ẹ bèèrè ibi tí ẹ máa gbé e gbà tí nǹkan bá yí padà lóru. Géètì wo? Ta ni kí ẹ bèèrè? Èló ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà?

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú àpò yín kí ẹ tó wọ ọkọ̀:

- káàdì ọsibítù
- ìwé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀, kí ẹ ti ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù èèyàn méjì
- oògùn àti ìwé oògùn
- ìwọ̀n ara rẹ̀, ìfúnpá rẹ̀, àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bó ṣe rí lọ́jọ́ náà

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé ìkẹyìn yẹn. Láìsí i, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ní oṣù kẹta bóyá oògùn ti ń sọ ọ́ di alátọ̀gbẹ.

## Oògùn: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú

Kì í ṣe oògùn ibà tí èèyàn ń lò fún ọjọ́ mẹ́ta. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru ló jọ: ọjọ́ tí ara yá gan-an la tún ń lò ó.

Ní 2012, Stefan Leucht àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì kó ìwádìí 65 jọ lórí schizophrenia, wọ́n gbé e jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn. Nínú 100 ẹni tó ń bá oògùn wọn lọ, nǹkan bí 27 ni àìsàn padà sí lára kí ọdún kan tó pé. Nínú 100 tí wọ́n fi oògùn tí kò ní nǹkan nínú rọ́pò tiwọn, 64 ni. Ẹ wo 27 yẹn dáadáa o. Ó túmọ̀ sí pé ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ tọkàntọkàn náà lè tún dùbúlẹ̀, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ìgbà tí àìsàn bá padà lẹ máa sọ pé òun ló fà á.

Ṣé wọn kò lè dín in kù ni? Wọ́n lè dín in kù, àmọ́ kì í ṣe báyìí, kì í sì í ṣe ẹ̀yin. Ní England, wọ́n pín àwọn tí ara wọn ti ń balẹ̀ sí ọ̀nà méjì: wọ́n ń dín oògùn apá kan kù díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ojú dókítà, apá kejì ń bá ìwọ̀n wọn lọ. Èsì rẹ̀ jáde ní 2023. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìgbé ayé àwọn tó dín in kù kò sàn ju ti àwọn yòókù, àìsàn sì dá 25 nínú 100 wọn padà sí ọsibítù, nígbà tó jẹ́ 13 lápá kejì. Àwọn kan wà tó ṣeé ṣe fún, a kò jiyàn. Dókítà ni kó máa wọ̀n ọ́n, oṣù dé oṣù, lẹ́yìn ìgbà tí ara bá ti balẹ̀ pẹ́.

### Bí ẹ ṣe máa ṣe é lójoojúmọ́

1. Ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo tí oògùn máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ èèyàn mẹ́ta, kálukú á rò pé ẹnì kejì ti fún un.
2. Ẹ so ó mọ́ nǹkan tí kì í yẹ̀: lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, lẹ́yìn ìrun ìṣá, tàbí lẹ́yìn ìròyìn aago mẹ́sàn-án.
3. Ẹ gbé kàlẹ́ńdà kọ́ ara ògiri. Aláìsàn ni kó fúnra rẹ̀ fa igi sí ọjọ́ náà lẹ́yìn tó bá gbé oògùn mì.
4. Ẹ fún un lómi tó pọ̀, kí ẹ sì bá a tàkúrọ̀sọ bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tó fi oògùn sábẹ́ ahọ́n kò ní lè sọ̀rọ̀ pẹ́. Ẹ má ní kó lanu kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí ọmọdé.
5. Gbogbo ọjọ́ Sunday, ẹ ka èyí tó kù. Tí iye rẹ̀ kò bá bá kàlẹ́ńdà mu, ẹ ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Tó bá ku ti ọjọ́ méje, ẹ lọ rà á.

Tó bá gbàgbé, tí kò sì tíì pẹ́ púpọ̀, kó lò ó. Tí àkókò èyí tó kàn bá ti sún mọ́lé, kó fi ti àná sílẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ lo méjì pọ̀ láti fi dí i. Tó bá ti ré ọjọ́ méjì kọjá, ẹ pe ọsibítù. Clozapine ní tirẹ̀, tó bá ti lé ní 48 wákàtí tí kò ti lò ó, ẹ má padà sí ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ láìgbọ́ ti dókítà. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n tún ti máa ń gùn ún.

### Ẹ má lọ oògùn sínú ẹ̀kọ

Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀, ó sì ye wá ìdí tí àwọn ìyá fi ń ṣe é. Ẹ rò ó wò: ẹni tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n ń fi májèlé sóúnjẹ òun, lọ́jọ́ tó bá rí ìyẹ̀fun funfun nísàlẹ̀ abọ́, ẹ ti bá a jẹ́rìí sí i. Láti ọjọ́ náà kò ní jẹun yín mọ́. Àwọn oògùn kan sì wà tí kò yẹ kí wọ́n lọ̀ rárá. Tí kò bá fẹ́ gbé oògùn mì, ọ̀nà méjì wà tẹ́ ẹ lè bá dókítà sọ. Àkọ́kọ́ ni abẹ́rẹ́ tó ń pẹ́ lára, bíi fluphenazine decanoate tàbí haloperidol decanoate, tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ìkejì ni irú olanzapine tó ń yọ́ lórí ahọ́n.

### Ohun tí oògùn lè dá sílẹ̀, àti ohun tí ẹ máa ṣe

Ibí yìí gan-an ni àwọn èèyàn ti ń fi oògùn sílẹ̀, torí náà ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ọrùn lọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú yí sókè, àgbọ̀n há. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ haloperidol tàbí tí wọ́n fi kún un. Ó ń dẹ́rù bani, àwọn ará àdúgbò á sì ní ẹ̀mí ló gbé e. Iṣan ló fà. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ tó ń tú u ká láìpẹ́, wọ́n á sì fi benzhexol, tí àwọn èèyàn mọ̀ sí Artane, kún oògùn rẹ̀ tó bá yẹ. Ẹ má máa fi Artane fún un láti ọwọ́ ara yín: àwọn kan ń jẹ ẹ́ torí pé ó ń pa wọ́n bí ọtí, ó sì ń da ọpọlọ rú tó bá pọ̀.

Kò lè jókòó. Ó ń rìn lọ rìn bọ̀ ní pálọ̀, ó ń gbé ẹsẹ̀ sókè sódò, ó ní inú ara òun ń hó. Ará ilé á rò pé àìsàn ti ń padà, wọ́n á fi kún oògùn. Ìfikún yẹn á tún sọ ọ́ di ńlá. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan: “Ṣé ọkàn rẹ ni kò balẹ̀ ni, àbí ẹsẹ̀ rẹ ni kò jẹ́ kí o dúró?” Tó bá ní ẹsẹ̀ ni, ẹ pe dókítà kó dín in kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ìnira yìí le débi pé ó lè mú kí èèyàn fẹ́ kú.

Ọwọ́ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ ń wọ́lẹ̀, itọ́ ń dà. Ẹ sọ ọ́ ní ìpàdé tó kàn, wọ́n á tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe.

Ó ń sanra, ebi ń pa á ṣáá. Olanzapine àti clozapine ló ń ṣe èyí jù. Ẹ wọn ara rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ dín mínírà àti búrẹ́dì kù nílé, kí gbogbo ilé jọ ṣe é, kì í ṣe òun nìkan lẹ máa ká oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀. Tó bá ń mu sìgá, tó sì fẹ́ jáwọ́, ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà, torí sìgá máa ń dín agbára oògùn méjèèjì yìí kù nínú ẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá jáwọ́, oògùn á le sí i lára.

Nǹkan oṣù dúró, wàrà ń jáde lọ́mú. Risperidone àti haloperidol lè fà á. Àgàn kọ́. Kò sì túmọ̀ sí pé kò lè lóyún.

Nǹkan ọkùnrin kò dìde. Ó ṣòro kí ọkùnrin sọ èyí níwájú ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n á tìtorí ẹ̀ sọ oògùn dànù. Ní gbogbo ìpàdé, ẹ jáde nínú yàrá fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó lè bá dókítà sọ̀rọ̀ lóun nìkan.

Àwọn tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi dọ̀la:

- Ara gbóná gan-an, ó le gbagidi, òógùn bò ó, kò sì mọ ibi tó wà. Ẹ má tọ́jú ibà. Ẹ dá oògùn ọpọlọ náà dúró, kí ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì.
- Ó ń lo clozapine, ara rẹ̀ gbóná tàbí ọ̀fun ń dùn ún. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Àìrígbẹ̀ẹ́yà tó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ náà kì í ṣe ohun àfojúfò pẹ̀lú oògùn yìí.
- Ó ń lo lithium, ó ń bì, ó ń yàgbẹ́ gbuuru, tàbí kò mu omi. Lithium á pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀: ọwọ́ á máa gbọ̀n gidi, kò ní lè rìn dáadáa, ọ̀rọ̀ á máa lọ́. Nítorí náà, kò sí ààwẹ̀ gbígbẹ, yálà ti Ramadan tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, láìbá dókítà sọ ọ́. Ibuprofen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ń mú un ga, ẹ fi paracetamol rọ́pò wọn tí orí bá ń fọ́ ọ.
- Obìnrin tó lè lóyún, tí wọ́n fún ní sodium valproate. Ẹ bèèrè oògùn mìíràn. Nínú ọmọ 10 tí ìyá wọn lò ó nínú oyún, nǹkan bí ọ̀kan ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àbùkù ara. Tó bá ti lóyún, kó má ṣàdédé dá a dúró. Kó rí dókítà lọ́sẹ̀ náà.

## Ẹnu nínú ilé

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní London, tó jáde ní 1976, rí i pé àwọn tó padà sí ilé tí ìbáwí àti ìbínú ti pọ̀, tí wọ́n sì ń kojú ará ilé ju 35 wákàtí lọ lọ́sẹ̀, ni àìsàn ń tètè padà sí lára jù. Láti ìgbà náà, wọ́n ti dán ẹ̀kọ́ ará ilé wò káàkiri. Àkópọ̀ ìwádìí 90 tó jáde nínú Lancet Psychiatry ní 2022 fi hàn pé kíkọ́ ìdílé ní bí àìsàn náà ṣe ń ṣe nìkan ti ń dín ìpadàbọ̀ rẹ̀ kù lọ́nà tó hàn gbangba. Ẹ̀kọ́ náà kò le. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà lẹ́nu.

- “Ọ̀lẹ ni ẹ́, àtàárọ̀ lo ti ń sùn.” Àìsàn náà fúnra rẹ̀ ń gba ìtara lọ́wọ́ èèyàn, oògùn sì ń fi oorun kún un. Ẹ sọ pé: “Mo ti pọn omi sí bùkẹ́ẹ̀tì. Dìde lọ wẹ̀ ká jẹun.” Ohun kan ṣoṣo, tó lè parí.
- “Irọ́ ni, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀.” Ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì gbà fún un. Ẹ sọ pé: “Èmi ò gbọ́ ọ, àmọ́ mo rí i pé ó ń dẹ́rù bà ẹ́. Jẹ́ ká tan rédíò.”
- “Ṣé o tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni?” Wọ́n máa ń sọ èyí tó bá rẹ́rìn-ín tàbí bínú bí gbogbo èèyàn ṣe ń bínú. Ẹ sọ pé: “Ṣé o sùn dáadáa lánàá?” Ìdáhùn ìyẹn á sọ púpọ̀ fún yín.

Tó bá jẹ́ bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ni aláìsàn, ẹ má tìtorí àìsàn yí “ẹ” padà sí “o”. Ọmọ tó ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ sọ̀rọ̀ ń bá àìsàn ṣiṣẹ́.

Ìkẹ́jù náà ń pa á lára. Ìyá tó ń sùn sẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tó ń bá a ká aṣọ, tó ń dáhùn gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi í, kò jẹ́ kó rí ara rẹ̀ bí èèyàn. Ẹ gbé iṣẹ́ fún un díẹ̀díẹ̀: ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìwẹ̀, ìfọyín, àti títẹ́ ibùsùn rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹfà, iṣẹ́ ilé kan àti ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, lẹ́yìn náà, ìdajì ọjọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tàbí lẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn tó sáré padà sí gbogbo iṣẹ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ kìíní, oorun wọn ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀yin náà ẹ pín ara yín ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ọjọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn lọ́jọ́ méje láìsinmi ló máa ń jágbe mọ́ ọn jù.

## Ìwé àmì: ojú ewé kan ṣoṣo

Àìsàn yìí kì í sábà padà lójijì. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àmì ti máa ń yọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tọ́rọ̀ bá ti bàjẹ́ tán la máa ń rántí wọn.

1. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin, tí ara balẹ̀, ẹ jókòó pẹ̀lú rẹ̀. Kí ó jẹ́ òun ló máa mú bírò.
2. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ máa padà sẹ́yìn. Ẹ fi nǹkan tí gbogbo yín rántí ṣe òdiwọ̀n: Iléyá, ìkómọjáde ilé ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ tí tíránsífọ́mà bàjẹ́. “Nígbà Iléyá, ṣé o ti ń jí lóru?”
3. Ẹ kọ àmì rẹ̀ gan-an, èyí tí ojú lè rí, tí ẹnu sì lè kà. “Ó ń bínú” kò wúlò, ta ni kì í bínú? “Ó ń pa fóònù rẹ̀, ó ń yọ síìmù kúrò” wúlò.
4. Ẹ pín in sí ìpele mẹ́ta, kí ìgbésẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe lè rí nìyí:

Ìpele 1. Wákàtí mẹ́rin ni mò ń sùn dípò méje, òru méjì léra. Mi ò gbé ìpè ẹ̀gbọ́n mi. Mò ń fa ìlà sábẹ́ gbogbo ẹsẹ Bíbélì. *Kí ẹ ka oògùn mi. Kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Kò sí fóònù lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́.*

Ìpele 2. Mo ní àwọn aládùúgbò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mò ń bo fèrèsé. Mi ò jẹun tí mi ò bá sè é fúnra mi. *Kí ẹ pe nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà. Kí ẹ mú mi lọ sí ọsibítù kó tó di ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé.*

Ìpele 3. Mò ń dá ohùn lóhùn. Mo jáde lóru. Mo ń gbé nǹkan láti fi jà. *Ẹ gbé mi lọ. Ẹ̀gbọ́n mi àti Bàbá Landlord ni kí ẹ pè, ẹ má pe èrò.*

Kí ó fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ń mú oògùn, ọ̀kan nínú fáìlì rẹ̀ ní ọsibítù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí ará ilé máa fi ìwé náà halẹ̀ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sọ pé “màá gbé ìwé ẹ jáde o”, ó ti di òkú ìwé.

## Igbó àti ọtí

Kúkurú ni ọ̀rọ̀ ibí yìí. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ìlú mélòó kan ní Yúróòpù àti ní Brazil, tó jáde ní 2019, rí i pé àwọn tó ń fa igbó líle lójoojúmọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìlọ́po márùn-ún ewu àìsàn yìí ju àwọn tí kò fà á rí. Fún ẹni tó ti dùbúlẹ̀ rí, kò sí “díẹ̀” nínú igbó, lóúdù àti kòlórádò. Paraga àti oògùn ọpọlọ náà kì í bára wọn gbé: oorun á pọ̀ lápọ̀jù, oògùn á di gbígbàgbé. Ẹ má tú àpò rẹ̀ káàkiri. Ẹ bi í ní tààrà, kí ẹ sì sọ òtítọ́ fún dókítà. Wọn kì í tìtorí rẹ̀ lé aláìsàn.

## Wòlíì, ààfáà, oníṣègùn ìbílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìdílé máa lọ, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dán nǹkan kan wò n'Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Ghana: wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé láti máa lọ tọ́jú aláìsàn ní ilé àdúrà àti ilé oníṣègùn gan-an, kí oògùn àti àdúrà jọ máa lọ. Èsì rẹ̀ jáde nínú Lancet ní 2020. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí wọ́n tọ́jú báyìí yá ju ti àwọn yòókù lọ. Àdúrà tó fàyè gba oògùn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ohun tí ẹ máa bèèrè lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó fi èèyàn yín sílẹ̀ níbẹ̀ rèé:

- Ṣé ẹ máa jẹ́ kó lo oògùn ọsibítù lákòókò?
- Ṣé ẹ máa jẹ́ kó jẹun, kó sì mu omi lójoojúmọ́?
- Ṣé ẹ máa so ó mọ́lẹ̀ tàbí nà án?
- Àgbo wo ni ẹ máa fún un? (Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún dókítà.)
- Ṣé a lè yọjú sí i nígbàkígbà?

Tí ìdáhùn ọ̀kan bá dẹ́rù bà yín, ẹ mú èèyàn yín, kí ẹ máa lọ sílé. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kì í wo ọpọlọ. Ọgbẹ́ ló ń dá sí ọrùn ẹsẹ̀.

## Tó bá ní ikú yá ju ẹ̀sín

Àkópọ̀ ìwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ tó jáde ní 2017 fi hàn pé oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọsibítù ni ewu kí aláìsàn pa ara rẹ̀ ga jù. Nígbà míì, ìgbà tí ojú bá là, tó rí ohun tó ti bàjẹ́, ló ń le jù.

1. Ẹ bi í ní kedere: “Ṣé o ti ń rò ó pé kí o pa ara rẹ?” Ìbéèrè kò ní fi èrò náà sí i lórí. Ó máa ń gbé ẹrù kúrò lọ́kàn rẹ̀ ni.
2. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bèèrè bóyá ó ti mọ ọ̀nà tó fẹ́ gbà. Tó bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lónìí. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù ọlọ́pàá dá yín dúró.
3. Ẹ kó otapiapia àti gbogbo apakòkòrò jáde nílé pátápátá. Oògùn rẹ̀ kó wà lábẹ́ àgádágodo, ti ọ̀sẹ̀ kan péré ni kó wà nítòsí.
4. Ẹ jọ kọ ètò ààbò: àmì pé èrò náà ń bọ̀, nǹkan mẹ́ta tó lè ṣe fúnra rẹ̀, èèyàn méjì tó lè lọ jókòó tì, nọ́ńbà ọsibítù. Ní àwọn ọsibítù àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 3 nínú 100 àwọn tó kọ irú ètò yìí, tí wọ́n sì ń pè lórí fóònù, ló tún gbé ìgbésẹ̀ láti pa ara wọn láàárín oṣù mẹ́fà. Láàárín àwọn tí kò rí i gbà, ó lé ní 5.

Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ pe 988. Ní England, ẹ pe 111, kí ẹ tẹ 2.

## Ìpàdé oṣù kẹta

Ẹ gbé kàlẹ́ńdà oògùn, ìwé àmì, àti ìwọ̀n ara oṣooṣù lọ. Ẹ ní kí wọ́n tún ìfúnpá àti ṣúgà rẹ̀ yẹ̀ wò, kí wọ́n fi wé ti ọjọ́ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ẹni tó ní àìsàn ọpọlọ tó le máa ń kú ní ọdún 10 sí 20 ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọkàn àti ṣúgà sì wà lára ohun tó ń pa wọ́n. Lẹ́yìn náà, kí aláìsàn fúnra rẹ̀ béèrè ìbéèrè mẹ́ta yìí: ìgbà wo ni mo máa lo oògùn yìí dé, kí ni ẹ máa wò kí ẹ tó lè dín in kù, ta ni mo máa rí tí ẹ̀yin kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́? Kí ẹ̀yin kọ ìdáhùn sílẹ̀. Tí dókítà bá ní kí ẹ máa lo oògùn “títí lọ” láìsọ ìgbà tí wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ní kó kọ ọjọ́ kan pàtó sínú káàdì.